Àrà Tí Ojú Ń Kọ́ Nínú Ìwé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé owó ni ó ń sọ ènìyàn di ológe. Wọ́n ní ẹni tí àpò rẹ̀ bá wúwo nìkan ni ó lè wọ aṣọ tí ó dára, kí ó sì fi nǹkan mèremère ṣe ilé rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. A kò lè sọ pé irọ́ pátápátá ni èyí, nítorí pé a kì í fi ọwọ́ òfìfo ra aṣọ lọ́jà. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wo àwọn tí ìmúra wọn ń wù wá ní àdúgbò wa, a ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe olówó rárá. Ohun tí wọ́n fi ju àwọn ẹlòmíràn lọ ni ojú tí ń wo nǹkan ní àwòfín. Àwòrán tí ó wà ní èèpo ìwé kan, ojú ewé ìwé ìròyìn tí ẹlòmíràn ti fi di àkàrà, kàlẹ́ńdà tí télọ̀ kọ́ sí ara ògiri, agolo bisikíìtì tí a ti jẹ tán, gbogbo ìwọ̀nyí ni wọ́n ń kà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ka lẹ́tà tí a kọ sí i.

Nínú àròkọ yìí, a ó wo bí irú ojú bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni àwọn aláàdìrẹ ilẹ̀ wa, pàápàá àwọn ti Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, nítorí mo gbà pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ jù wọ́n lọ bí a ti í mú ohun kékeré tí a tẹ̀ sórí ìwé tàbí sára agolo, kí a sì sọ ọ́ di ẹwà tí a lè ró mọ́ ìdí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí àdìrẹ rí mọ̀ pé kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Èyí tí a fi ìko so kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró ni a ń pè ní àdìrẹ oníko. Èyí tí a fi abẹ́rẹ́ rán ni alábẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹta ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ, òun sì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Láfún ni a fi ń se ẹ̀kọ rẹ̀, a ó sì fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i kí ó lè dúró dáadáa lára aṣọ. Obìnrin tí ń ya ọnà náà yóò tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, yóò ki ìyẹ́ adìẹ bọ inú ẹ̀kọ, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí fà á kiri orí aṣọ láìfi rúlà wọ̀n ọ́n. Bí ẹ̀kọ bá ti gbẹ tán, ó di inú ìkòkò aró, níbi tí a ó ti máa rẹ aṣọ náà, tí a ó máa sá a, tí a ó tún máa rẹ ẹ́, títí èlú yóò fi wọ̀ ọ́ kanlẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ bò ni aró kò ní lè wọ̀ dáadáa, ibẹ̀ náà ni ọnà yóò sì ti yọ nígbà tí a bá ha ẹ̀kọ kúrò. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin pẹ̀lú ní ipa tiwọn. Àwọn ni wọ́n ń gé ọnà sára páànù pẹlẹbẹ tí a ń pè ní bátànì, tí a ó gbé lé aṣọ lórí, tí a ó sì ti ẹ̀kọ gba ojú ihò rẹ̀ kọjá.

Àwọn ọnà wọ̀nyí ní orúkọ, bí ọmọ ti í ní orúkọ. Olókun wà, Sùnbẹ́bẹ̀ wà, Ìbàdàndùn wà. Púpọ̀ nínú àwòrán inú wọn ni ó jẹ́ ohun tí a ń rí lójoojúmọ́: ẹyẹ, alángbá, àkeekèé, ewé, ìyarun. Ṣùgbọ́n ọnà kan wà tí ó jẹ́ pé láti ara ohun tí òyìnbó fi ẹ̀rọ tẹ̀ ni ó ti wá tààrà. Òun ni Olóbà.

Ní ọdún 1935, Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí oyè. Gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, tí tiwa sì wà nínú rẹ̀, ni a ti ṣe àjọ̀dún náà, tí a mọ̀ sí jùbílì. Bí irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀ bá sì dé, kò sí ohun tí àwọn oníṣòwò òyìnbó kì í tẹ àwòrán ọba sí. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí ife, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí àwo àti agolo, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí ìwé àti káàdì. Irú nǹkan wẹ́wẹ́ wọ̀nyí ni ó bọ́ sí abẹ́ ojú àwọn aláàdìrẹ wa. Ẹlòmíràn yóò mu tíì nínú ife náà, yóò fọ̀ ọ́, yóò gbé e sórí pẹpẹ, ọ̀rọ̀ sì parí. Ojú aláàdìrẹ rí ohun mìíràn. Ó rí bí a ti gbé ọba àti ayaba rẹ̀, Mary, sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn; ó rí ìlà roboto tí ó yí wọn ká àti òdòdó tí ó yí ìlà náà ká; ó sì mọ̀ pé ohun tí ó bá dára lára ife lè dára lára ìró. Bí Olóbà ṣe dé ọjà nìyẹn, orúkọ rẹ̀ náà sì sọ ìtàn rẹ̀: aṣọ tí ó ní ọba nínú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Àwọn ọdún tí mo ń sọ yìí le koko fún aláró àti aláàdìrẹ. Ní àwọn ọdún 1920, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníbàárà fi ń ti ọ̀nà jíjìn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá rà á. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1930, tí ọ̀dá owó dá kárí ayé, títà kò yá mọ́. Àwọn aláró kan ti bẹ̀rẹ̀ sí lo kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó kí iṣẹ́ lè yá kánkán. Aláké fi òfin de èyí, nítorí a ní ó ń ba orúkọ aṣọ Ẹ̀gbá jẹ́; àwọn aláró kọ̀, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, nítorí oúnjẹ òòjọ́ wọn ni ọ̀ràn náà kàn. Ó le débi pé a gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lórí rẹ̀ ní ọdún 1936. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọnà tuntun kan tí ó bá wọ oníbàárà lójú lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó tà àti ẹni tí ó ru ẹrù rẹ̀ padà sílé. Nítorí náà, nígbà tí a bá rí Olóbà nínú ilé ìkó-ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí lónìí, tí a gbé e kọ́ sínú gíláàsì, kí a rántí pé ẹni tí ó kọ́kọ́ yà á ń fi ojú rẹ̀ wá oúnjẹ ni.

Ohun tí ó wù mí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ Olóbà ni pé àwọn tí ó yà á kò sọ ara wọn di ẹrú àwòrán tí wọ́n rí. Wọn kò ní ẹ̀rọ tí ń ya ojú ènìyàn bí ó ti rí gẹ́lẹ́. Ẹ̀kọ, ìyẹ́ adìẹ àti páànù ni wọ́n ní. Ojú ọba tí ó wà lára aṣọ náà wá di ojú tí ọwọ́ Yorùbá yà, ó sì jókòó láàárín ẹyẹ, ẹranko àti òdòdó bí ẹni pé inú ọgbà wa ni ó ti ń ṣe fàájì. Gbogbo àwọ̀ pupa àti àwọ̀ wúrà pòórá, aró ni ó gba ipò wọn. Bí ọba òyìnbó bá fẹ́ wọ inú aṣọ wa, ó di dandan kí ó kọ́kọ́ wẹ̀ nínú ìkòkò aró.

Àwọn ará Ìbàdàn fi èyí hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbọ̀ngàn Mápó tí ó wà lórí òkè ní àárín ìlú ni a ṣí ní ọdún 1929, àwọn òpó ńláńlá iwájú rẹ̀ sì jẹ́ ohun àwòyanu fún tọmọdé tàgbà. Àwọn òpó náà ni ó dé ara àdìrẹ nínú ọnà tí a ń pè ní Ìbàdàndùn. Ǹjẹ́ kí ni àwọn obìnrin náà yà sí àárín òpó kan àti èkejì? Ṣíbí ni. Ṣíbí ìjẹun lásán, irú èyí tí ó wà nínú agbọ̀n àwo ní ilé ìdáná gbogbo wa. Mo ti wo ọnà yìí títí, kò sú mi. Òpó gbọ̀ngàn ìjọba àti ṣíbí ọbẹ̀ dúró ní ẹsẹ̀ kan náà, kò sí èyí tí ó ń tẹrí ba fún èkejì. Ẹni tí ó bá lè rí i pé ṣíbí àti òpó bá ara wọn mu ní ìrísí, tí ó sì ní ìgboyà láti fi wọ́n ṣe ẹgbẹ́, ẹni náà ti mọ ohun tí a ń pè ní oge, kì báà jẹ́ pé ìró méjì péré ni ó ní lábẹ́ àpótí.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti dárúkọ ṣíbí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ohun jíjẹ àti ohun mímu pẹ̀lú. Páànù tí wọ́n fi ń gé bátànì nígbà tí iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, inú àpótí tíì tí ó ti òkè òkun wá ni wọ́n ti ń bó o, nítorí a máa ń fi páànù tẹ́ inú irú àpótí bẹ́ẹ̀ kí ọ̀rinrin má ba wọ inú tíì. Ẹni tí ó ní owó mu tíì, ẹni tí ó ní ojú gba àpótí. Ọ̀nà kan náà ni ó ṣí sílẹ̀ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lónìí. Bí ẹ bá ra bisikíìtì tàbí ṣokoléètì ní àkókò ìsinmi ọ̀sán, kí ẹ tó ju bébà rẹ̀ sínú garawa ìdọ̀tí, ẹ tẹ́ ẹ sórí orúnkún, kí ẹ wò ó. Ẹnì kan ni a gbà síṣẹ́, tí a sì sanwó fún, kí ó lè mú àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí yóò fà yín lójú láti òdìkejì títì. Ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ti san owó rẹ̀ mọ́ owó bisikíìtì. Kí ni ó dé tí ẹ kò ní gba gbogbo ohun tí ẹ san owó fún?

A wá dé orí ìwé ìròyìn aláwòrán. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí ni kò fẹ́ rí i lọ́wọ́ ọmọ wọn, nítorí wọ́n gbà pé ó ń kọ́ ọmọdé ní ojúkòkòrò. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣe é kó dànù. Ṣùgbọ́n ìwé wọ̀nyí ti ṣe iṣẹ́ rere nílẹ̀ wa. Ní àwọn ọdún 1930 ni ìwé kan bẹ̀rẹ̀ sí jáde fún àwọn olùkọ́, tí a ń pè ní *The Nigerian Teacher*. Lẹ́yìn náà ni a sọ orúkọ rẹ̀ di *Nigeria*. Ọ̀gbẹ́ni E. H. Duckworth ni olóòtú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì fi àwòrán iṣẹ́ ọwọ́ wa, ilé wa, aṣọ wa àti ọdún ìbílẹ̀ wa kún inú rẹ̀, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń rò pé kò sí ohun ẹ̀yẹ kan nílé bàbá àwọn. Lẹ́yìn èyí ni *Drum* dé, tí a bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 1951, tí ẹ̀dà ti Nàìjíríà sì jáde lẹ́yìn náà. Àwọn ọ̀dọ́ Èkó rí àwọn adúláwọ̀ bíi tiwọn nínú rẹ̀, tí wọ́n múra, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń ja ẹ̀ṣẹ́. Àwọn òbí yín yóò sì rántí *Ovation*, tí Délé Mómodù dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1996, tí àwọn obìnrin ń gbé tọ télọ̀ lọ bí ẹni gbé ìwé àṣẹ.

Ìgbà tí a bá gbé ìwé bẹ́ẹ̀ tọ télọ̀ lọ ni a máa ń mọ ẹni tí ó mọ nǹkan wò. Ẹnì kan yóò na ìka sí àwòrán, yóò ní, “Rán èyí fún mi bí ó ti rí yìí gẹ́lẹ́.” Ara ẹni tí ó wà nínú àwòrán kò rí bí tirẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò rí bí tirẹ̀, owó aṣọ náà sì ju owó oṣù mẹ́ta rẹ̀ lọ. Télọ̀ yóò sa gbogbo ipá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹlòmíràn yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé, “Kí ni ó wù mí gan-an níhìn-ín?” Bóyá kì í ṣe léèsì tí ìyàwó inú àwòrán náà wọ̀ ni ó wù ú, bí kò ṣe bí gèlè rẹ̀ ti bá bàtà rẹ̀ mu nígbà tí gbogbo ìyókù jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo. Bóyá kì í ṣe gbogbo agbádá náà, bí kò ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tí a ṣe sí ọrùn rẹ̀. Owó kékeré ni a fi ń ṣe ìyẹn sí ọrùn bùbá ànkárá.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ń sọ pé wíwo ìwé òyìnbó níláti sọ ènìyàn di òyìnbó, kí ó wo Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì mọ aṣọ wọn wọ̀ dáadáa. Ní àwọn ọdún 1940, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí bá àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta ṣiṣẹ́, ó pa gáùn tì, ó ró ìró, ó wé gèlè, kí ìmúra rẹ̀ má ba yà á kúrò lára àwọn tí ó ń jà fún. Ohun tí ó mọ̀ kò dí i lọ́wọ́ láti yan ohun tí ó fẹ́.

Mo máa ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú pé kí wọ́n ní ìwé kékeré kan fún iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe ìwé tí a ń lẹ gbogbo nǹkan mọ́ bí ilé ẹyẹ ẹ̀gà. Bí ẹ bá rí ohun tí ó wù yín, ẹ fi pẹ́ńsù ya ibi tí ó wù yín nìkan, kí ẹ kọ orúkọ àwọn àwọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti rí i. Yíyà yẹn ṣe pàtàkì ju gígé lọ, nítorí ọwọ́ kò lè ya ohun tí ojú kò wò. (Ẹni tí ó bá sì ya ojú ewé kúrò nínú ìwé ilé ìkàwé, olè ni, kò sí orúkọ mìíràn fún un.) Ẹ lè wí pé aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ kò gba àrà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bébà tí a fi bo ìwé gba àrà, àlà tí a fà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé gba àrà, aṣọ orí tábìlì nílé gba àrà, ọ̀nà tí a gbà to òdòdó sínú agolo mílíìkì òfìfo pàápàá gba àrà.

Ẹ má rò pé ìwé nìkan ni ó ń fún aṣọ ní nǹkan. Aṣọ náà ń fún ìwé. Nígbà tí ìwé àtìgbàdégbà tí ń jẹ́ *Black Orpheus* bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1957, Susanne Wenger, ará Ọ́síríà tí ó fi Òṣogbo ṣe ilé, ni ó ya ọ̀pọ̀ èèpo rẹ̀. Òun náà ti fi ẹ̀kọ ya ọnà sára aṣọ bí àwọn aláàdìrẹ wa. Ní ọdún 1968 tí Wọlé Ṣóyínká tú ìwé Fágúnwà, *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀*, sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, Bruce Onobrakpeya ni ó ya àwòrán inú rẹ̀. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí ọwọ́ yín, ẹ má kánjú ṣí i lọ sí orí kìíní.

Ọ̀ràn kan wà tí ó ń bí mi nínú, kò sì yẹ kí n fò ó. Ní ọjà wa lónìí, a ń rí aṣọ tí a fi ẹ̀rọ tẹ ọnà àdìrẹ sí ní ilẹ̀ òkèèrè, tí a ń tà ní pọ́ọ́kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ó fi ọwọ́ ṣe é. Ẹni tí ó ṣe ìyẹn náà wo àwòrán. Ṣùgbọ́n kò fi ohun kankan kún un, kò sì fi ohun kankan sílẹ̀ fún ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ rẹ̀. Aláàdìrẹ tí ó mú ọba lára ife kò gba oúnjẹ lẹ́nu aṣefe. Àwọn tí ó ń tako èyí kò pọ̀ tó, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Nike Davies-Okundaye dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́ bí a ti í ya ẹ̀kọ sára aṣọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra àdìrẹ, kí ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kí ó gbóòórùn rẹ̀, kí ó sì béèrè ẹni tí ó yà á.

Láti ọdún 1968 ni ayàwòrán kan, J. D. 'Okhai Ojeikere, tí a bí ní ọdún 1930, tí ó sì kú ní ọdún 2014, ti ń lọ káàkiri láti ya àwòrán irun àwọn obìnrin ilẹ̀ wa. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún àwòrán ni ó yà kí ó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ̀yìn orí tàbí ẹ̀gbẹ́ ni ó sábà máa ń yà, kí ojú ẹni tí ó ni irun má ba gba ojú wa kúrò lára iṣẹ́ onídìrí. Ọ̀kan nínú wọn ni irun tí a fi òwú kó, tí ó dúró ṣánṣán sókè, tí a ń pè ní Onílé-gogoro. Àkókò tí ilé gíga ń yọ orí ní Èkó àti Ìbàdàn ni, irú èyí tí Cocoa House tí a parí ní ọdún 1965 jẹ́. Onídìrí gbójú sókè, ó rí ilé; ó wo orí tí ó wà láàárín orúnkún rẹ̀, ó sì mú òwú. A ti tẹ àwọn àwòrán náà sínú ìwé. Ọmọbìnrin tí ó bá rí i ní ilé ìkàwé lónìí lè fi pẹ́ńsù ya ibi tí ó wù ú, kí ó sì mú un tọ onídìrí àdúgbò rẹ̀ lọ ní ọjọ́ Sátidé.